Ẹni Tó Dúró Lápá Ọ̀tún

Agbo-ilé Olówùú,
Pákátà, Ìlọrin.
14 Oṣù Kẹjọ, 1996

Fùséènì ọmọ mi,

Àsàlámù aléékùm. Mo kí ọ, mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ṣé ara le? Àwa náà ń bẹ láyé, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Mùnírátù àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ti tíṣà ṣe é.

Láti ìgbà tí ààwẹ̀ ti parí la ti gbúròó rẹ kẹ́yìn. Ọmọ Ìyá Hajarat tó wà ní Jámánì ń kọ̀wé sílé lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ kò kàwé tó ọ. Ìwọ tí o mọ̀wé ni a ń fi àdúà wá. Mi ò bá ọ jà o, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Òjò oṣù tó kọjá jò wọ yàrá mi. Igun kan péré ló ti jò, àfi bíi pé wọ́n rán an, orí fótò ìwọ àti Àlàsán ló ń kán sí. Kí n tó mọ̀, omi ti wọ abẹ́ díńgí rẹ̀. Mo ní kí n yọ ọ́, ó ti lẹ̀, ó sì bó. Ẹni tó dúró lápá ọ̀tún, ẹnu rẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ti bá díńgí lọ. Mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ẹ ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà tí Táíwò rẹ kú, kò sì pẹ́ sígbà náà tí fótò yìí ti wà lára ògiri mi. Ní gbogbo jímọ́ọ̀, bí mo bá se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé ilé, ọ̀nà méjì ni mo máa ń pín in sí, màá sì kọ́kọ́ yíjú sí fótò náà. O mọ̀ pé bí ìyá ìbejì ṣe ń ṣe nìyẹn. Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ògiri lásán ni mo yíjú sí.

Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ níbẹ̀ ni pé o ń tún fótò tó bàjẹ́ ṣe. Mo fi rán Àbdùlkàrímù, ọmọ aládùúgbò wa tó ń bọ̀ wá kàwé ní ilẹ̀ òyìnbó. Bá mi tún un ṣe. Má fi nǹkan kún un, má sì yọ nǹkan kúrò níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ni kí o dá padà fún mi.

Ìyá rẹ,
Hùmúàní


Birmingham,
20 Oṣù Kẹwàá, 1996

Ìyá mi,

Wàáléékùmù sàláàm. Mo dọ̀bálẹ̀ o. Ẹ kú àárò mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ bá mi kí Mùnírátù àti gbogbo agbo-ilé.

Ẹ má bínú pé mi ò kọ̀wé. Kì í ṣe pé mo gbàgbé yín. Ní ìlú yìí, èèyàn lè jí, kó lọ síbi iṣẹ́, kó padà wálé, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé ṣé ó sùn dáadáa. Bí ẹnu bá ti dákẹ́ pẹ́, ọwọ́ náà á bá a dákẹ́.

Àbdùlkàrímù gbé fótò náà dé, kó tó kọjá sí ìlú tó ti ń kàwé. Bí mo ṣe tú u, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ti gbàgbé pé Àlàsán kéré tó bẹ́ẹ̀. Èmi lápá òsì, òun lápá ọ̀tún, jàlàbíà funfun kan náà, fìlà kan náà. Ẹ rántí bí mo ṣe máa ń nàka sí i fún gbogbo àlejò, tí màá ní, ‘Táíwò mi nìyẹn.’

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, torí mo mọ̀ pé ẹ rò pé ọ̀dà ni mo ń fi kùn ún. Ẹ̀rọ kan wà tí à ń gbé fótò lé, á sì dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà. Tó bá ti wọlé, mo lè tẹ́ fótò mìíràn lé e lórí, bí ìgbà tí ẹ bá tẹ́ ọ̀rá lé orí tábìlì, ìpele lórí ìpele. Ti òkè ló máa bo ti ìsàlẹ̀. Bí mi ò bá wá fẹ́ kí apá kan lára ti òkè hàn, mi ò ní gé e sọnù. Máàsìkì ni mo máa fi sí i. Ibi tí mo bá kùn ní dúdú lára máàsìkì náà, fótò ibẹ̀ á farapamọ́. Ibi tí mo bá kùn ní funfun, á yọjú padà. Tó bá jẹ́ àwọ̀ eérú ni mo fi kùn ún, á kàn máa hàn fírífírí.

Ẹ rántí wàláà tí a fi ń kéwú níwájú Bàbá. Bí a bá ti fi omi fọ̀ ọ́, ohun tí a kọ ti lọ nìyẹn. Máàsìkì kì í fọ nǹkan kan. Ohun tó bò mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ digbí, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá mi, obìnrin òyìnbó kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ti sọ fún wa pé ẹni tó bá pa ohunkóhun rẹ́ lára fótò oníbàárà, kó máa lọ sílé rẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe fẹ́ ṣe tiwa. Màá mú ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tèmi, màá tẹ́ ẹ lé ojú Àlàsán, màá wá fi máàsìkì rọ etí rẹ̀ títí kò fi ní hàn pé a lẹ̀ ẹ́. Ìbejì ṣáà ni wá. Ibi tí ojú wa ò bá ti bára mu, màá rọra yí i.

Mo tẹ ẹ̀dà kan fún ara mi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá mi. Láàárọ̀ màá kí i pé, ‘Àlàsán, ṣé o jí ire?’ Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, Ìyá. Òun nìkan ni mo ń fi Yorùbá kí níbí. Ara mi ti fúyẹ́ díẹ̀ látìgbà tó ti dé.

Ọmọ yín,
Fùséènì


Ìlọrin,
9 Oṣù Kejìlá, 1996

Fùséènì,

Mo kí ọ púpọ̀. Ọlọ́hun á dá ẹ̀mí rẹ sí. Ìwé rẹ dé, ó dùn mọ́ mi, Mùnírátù kà á títí ohùn rẹ̀ há. Ọ̀rọ̀ ìpele tí o sọ yẹn, ó yé mi díẹ̀, ó pamọ́ fún mi díẹ̀. Ìwọ ṣáà mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n má wulẹ̀ máa tú u wò yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Ibi tí omi bà jẹ́ ni kí o dí, kí o sì fi ránṣẹ́. Fótò àtijọ́ ni, kì í ṣe ohun tí à ń wò fínnífínní.

Ẹ̀wẹ̀, má bá fótò sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi lè bá a sọ̀rọ̀, torí èmi ni mo bí i. Ìwọ, wá ìyàwó fẹ́. Lami tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọmọ onísùúrù ni, ó sì béèrè rẹ lọ́wọ́ mi nígbà Mọ́lúdì. Ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ kí fótò náà ti wà lára ògiri kí ọdún tó dé.

Ìyá rẹ,
Hùmúàní


Birmingham,
23 Oṣù Kejì, 1997

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mi ò ní lè kí yín gùn lónìí, ẹ foríjì mí.

Mo ṣe iṣẹ́ náà. Mo mú ẹnu tèmi, mo tẹ́ ẹ lé ojú tirẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ pé màá fẹ̀ ẹ́, màá dín in kù, màá tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí kò sí ìbejì tí ojú wọn bára mu dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ìyá, kò sí ohun tí mo yí. Ó bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ni mo bá tẹ́ ara mi lódindi lé ara rẹ̀. Fìlà bá fìlà mu. Ìka bá ìka mu. Òwú tó tú lọ́rùn jàlàbíà mi, òun náà ló tú lọ́rùn tirẹ̀. Mo wá wo iwájú orí. Àpá tó wà lókè ojú mi, níbi tí mo ti ṣubú lu ọmọ odó, àwọn méjèèjì ló ní in. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń sọ pé lẹ́yìn ikú Àlàsán ni mo ṣubú yẹn. Mo sọ fótò náà di ńlá. Ilà tín-ín-rín kan là á láàárín látòkè délẹ̀, apá kan sì mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ.

Èmi ni. Àwọn méjèèjì, èmi ni.

Láti kékeré ni mo ti ń nàka sí ara mi tí mò ń pè é ní Táíwò, tí gbogbo ilé ń wò mí, tí ẹ sì ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Láti bí oṣù mélòó kan yìí, ara mi ni mo ń kí láàárọ̀. Mo ti rò pé bí mi ò tilẹ̀ ní ẹnikẹ́ni nílùú yìí, mo ní ojú ẹnìkejì mi lára ògiri. Ó dùn mí, Ìyá. Ojú ń tì mí níwájú ògiri lásán.

Ẹ ní kí n má yọ nǹkan kúrò. Mi ò lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Mi ò lè fi ara mi pe ẹlòmíì kí n sì fi ránṣẹ́ sí yín. Mo ti fi dúdú kun máàsìkì bo ẹni tó dúró lápá ọ̀tún, mo fi àwọ̀ ògiri ilé onífótò tẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó wà nínú ìwé yìí ni òtítọ́: ọmọ kan, àti ààyè.

Ẹ dá mi lóhùn ohun kan ṣoṣo. Ṣé ojú Àlàsán wà níbì kankan láyé yìí?

Fùséènì


Birmingham,
11 Oṣù Karùn-ún, 1997

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ọdún Iléyá ti lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń rò ó pé bóyá ìwé sọnù lọ́nà, màá tún rò ó pé kò sọnù. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ bínú sí mi nínú ìwé. Mo ti yọ ti ara ògiri mi kúrò, mo tún ti lẹ̀ ẹ́ padà, torí ògiri náà ṣófo jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì.

Fùséènì


Ìlọrin,
17 Oṣù Kẹfà, 1997

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi Mùnírátù ni mo ń kọ èyí, Ìyá ò rán mi.

Ìwé yín ò sọnù. Ó dé ní kété ṣáájú Iléyá. Èmi ni mo kà á fún Ìyá, mo sì kábàámọ̀ pé mo ṣí i. Wọn ò bú yín, wọn ò sunkún. Wọ́n gba fótò lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka tọ́ ààyè yẹn, wọ́n ní, ‘Ó ti lé e kúrò níbẹ̀.’ Láti ìgbà yẹn, wọn ò se ẹ̀wà fún àwọn ọmọdé ní jímọ́ọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ á wá, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Gbogbo ilé ló mọ̀. Èmi tí wọn ò tíì bí nígbà náà mọ̀. Ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ẹ̀yin sì fi bébà sọ tiyín.

Mo ní kí n bá wọn kọ èsì, wọ́n ní ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí àwọn lè gba ọwọ́ ẹlòmíì sọ. Wọ́n ní kí n ra bébà wá, àwọn á fi lẹ́tà kéwú kọ ọ́ fúnra àwọn. Ẹ ní sùúrù, ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Àbúrò yín,
Mùnírátù


Ìlọrin,
Oṣù Keje, 1997

Fùséènì,

Ní orúkọ Ọlọ́hun. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, bí bàbá mi ṣe kọ́ wa: Yorùbá ni, lẹ́tà kéwú ni. Bí o bá ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kà á, jókòó kí o tún un kọ́.

Inú bí mi sí ọ, mo sì fẹ́ kí o mọ̀. O kọ̀wé sí mi bí adájọ́. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun, mo sì mọ̀ pé o ò sùn.

Ta ló parọ́ fún ọ? Nígbà tí Àlàsán kú, ìyá bàbá rẹ ní a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìwọ tó kù dá wà, pé ẹni tó lọ á padà wá pè ọ́. Ó ní kí a gbẹ́ ère bí wọ́n ṣe ń ṣe látijọ́. Bàbá rẹ ní áfáà ni òun, ère ò ní wọ ilé òun. Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn, èmi tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ ń wò wọ́n. Abdulmumini onífótò ní àdúgbò Ṣàngó ló yanjú rẹ̀. Ó ní àwọn ìyá ìbejì tó wá bá òun fún irú rẹ̀ kò lóǹkà. Ó ní kí n wọṣọ fún ọ, ó sì yà ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó wọ yàrá dúdú, ó fi páálí bo ìdajì bébà, ó tẹ̀ ọ́ sí apá kan. Ó gbé páálí náà sí òdì kejì, ó tún tẹ̀ ọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ tí o ré kọjá òkun lọ kọ́, ní Ṣàngó ni wọ́n ti ń fi páálí ṣe é.

O ò rántí bí o ṣe rí nígbà náà. O ò jẹun. O máa ń pín oúnjẹ rẹ sí méjì, wàá jókòó ti ìdajì kan, wàá máa dúró de ẹni tó ni ín. Àpá ojú rẹ tí o ń sọ yẹn, àìlókun ló gbé ọ ṣubú. Ọjọ́ tí a gbé fótò dé, o nàka sí i, o ní, ‘Àlàsán ti dé,’ o sì jẹun. Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ṣé kí n ní irọ́ ni, kì í ṣe òun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ọjọ́ yẹn bá tún dé, màá tún sọ ọ́.

O bi mí bóyá ojú Àlàsán wà níbì kan. Kò sí. Ẹ ò tilẹ̀ jọra. Ó dúdú jù ọ́ lọ, bàbá rẹ ló jọ, ó sì ní èéjí. Ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́ fún ọ, Fùséènì, mi ò rí i mọ́. Tí mo bá dijú pé kí n rí i, ojú tìrẹ ló ń yọ sí mi. Fótò yẹn ló gbé e lọ lọ́dọ̀ mi. Mo mọ̀, mo sì fi í sílẹ̀ lára ògiri.

Èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ló kù. Nígbà tí o wà nílé, bí mo bá wo fótò náà, Fùséènì kan àti Àlàsán kan ni mo ń rí. Láti ìgbà tí o ti wọ ọkọ̀ òfuurufú, mi ò rí Àlàsán níbẹ̀ mọ́. Ìwọ ni mo ń rí lápá òsì, ìwọ ni mo ń rí lápá ọ̀tún. Ẹ̀wà tí mo ń pín, ìwọ ni mo ń pín in fún. Àlàsán, Ọlọ́hun ló mú un, mo gbà. Ìwọ, ẹsẹ̀ ara rẹ lo fi rìn lọ. Èyí tó kù tí mo ní lára ògiri ni o tún wá dín kù, o ní òtítọ́ nìyẹn.

Dá a padà fún mi bó ṣe wà.

Ìyá rẹ


Birmingham,
28 Oṣù Kẹsàn-án, 1997

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò tíì dìde. Ẹ foríjì mí.

Lẹ́tà yín pẹ́ lọ́wọ́ mi kí n tó lè kà á tán. Mo ti gbàgbé púpọ̀. Ọkùnrin Pakísítáànì kan ń gbé lókè yàrá mi, a kì í sọ ju ‘káàárọ̀’ lọ. Mo rí i tó ń ti mọ́sálásí bọ̀, mo ní kó jọ̀ọ́ wọlé. Ó mọ lẹ́tà kéwú, kò gbọ́ Yorùbá. Ó ń pe ohùn rẹ̀ jáde, kò mọ ohun tó ń sọ, èmi ń gbọ́ yín lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí mo ti ń pín oúnjẹ, ó rí ojú mi, ó gbé ìwé náà sílẹ̀. Ó ṣe tíì fún mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán.

Mo ti rò pé èmi nìkan ni ojú Àlàsán sọnù fún.

Ẹni tó dúró lápá ọ̀tún ò lọ síbì kankan. Mo ṣí iṣẹ́ náà, mo fi funfun kun máàsìkì, ó sì ń yọ padà díẹ̀díẹ̀, láti ẹsẹ̀ títí dé fìlà. Mo gbìyànjú kí ó lè jọ ẹni tí ẹ júwe. Mo mú àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀. Èéjí ò ṣeé ṣe, torí ẹnu rẹ̀ pa dé. Mo wò ó, kò jọ òun, kò sì jọ mí. Mo fi máàsìkì bo àwọ̀ tí mo fi kún un yẹn, mo fi í sílẹ̀ bí Abdulmumini ṣe fi í sílẹ̀.

Àwọn méjèèjì ló wà nínú ìwé yìí. Èmi ò kí ti ara ògiri mi mọ́ láàárọ̀. Mi ò mọ ohun tí mo máa pè é. Yàrá náà dákẹ́ gan-an, Ìyá.

Ọmọ yín,
Fùséènì


Ìlọrin,
16 Oṣù Kọkànlá, 1997

Fùséènì ọmọ mi,

Àsàlámù aléékùm. Mo kí ọ, mo sì kí ọkùnrin tó fún ọ ní tíì. Sọ fún un pé mo ṣàdúà fún un, Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ilé rẹ̀. Mùnírátù ló ń bá mi kọ èyí, ojú mi ò gbà á mọ́.

Fótò dé. Ẹnu rẹ̀ ti pé, mo fi ìka wá ibi tí o ti lẹ̀ ẹ́, mi ò rí i. O mọṣẹ́. Mo ní kí wọ́n dí òrùlé kí n tó gbé e kọ́, ó sì ti wà níbẹ̀ báyìí.

Mi ò bínú mọ́. Mo ti ń jókòó wò wọ́n láti òwúrọ̀, wọ́n dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ń wò mí. Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bi ọ́. Mùnírátù ní òun ò ní kọ ọ́, mo ní dandan ni kó kọ ọ́.

Nínú àwọn méjèèjì yìí, èwo ló ń bọ̀ wálé?

Ìyá rẹ,
Hùmúàní